Màmá Àgbà ọkọ mi ní Iowa ti lọ, ata rodo wọn ṣì wà nínú fírísà

Àbẹ̀kẹ́_Iowa (ló dá ìjíròrò yìí sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i. Lónìí mo fẹ́ sọ̀rọ̀, torí pé nílé níbí kò sí ẹni tí mo lè fi èdè mi sunkún sí létí.

Màmá àgbà ọkọ mi, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ti sùn. Inú oṣù kẹta yìí ni. Ẹni ọdún 91 ni wọ́n. Òyìnbó ni wọ́n, ọmọ àgbẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀, ní abúlé kan ní ìwọ̀-oòrùn Cedar Rapids ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ibi tí wọ́n bí wọn sí àti ibi tí a sin wọ́n sí kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ pẹ̀lú mọ́tò.

Ẹni tó bá rò pé ìyá arúgbó òyìnbó ni ẹni tó jókòó ti ológbò lójú fèrèsé, kò tíì rí tèmi. Agogo márùn-ún ìdájí, wọ́n ti jí, kọfí ti hó. Nígbà tí wọ́n wà ní ẹni ọdún 88, bàbá ọkọ mi bá wọn lórí òrùlé gáréèjì, wọ́n ń fi ọwọ́ kó ewé gbígbẹ kúrò lójú ọ̀nà omi òjò. Ó figbe ta. Wọ́n ní kí ó di àkàbà mú dáadáa, kí ó sì yé pariwo, àwọn aládùúgbò ń gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n máa ń fi mọ́tò wọn gbé "àwọn arúgbó" lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nínú àwọn arúgbó náà, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ló jù wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ ata ló gbé mi wá síbí gan-an. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wọn, wọ́n rí i pé mo máa ń gbé ìgò ata kékeré kan sínú àpò mi wá síbi oúnjẹ wọn. Ojú tì mí nígbà tí wọ́n bi mí. Nílé yẹn, ata dúdú tí wọ́n ń wọ́n sórí ẹyin ni òpin ata láyé. Mo ṣàlàyé ata rodo fún wọn, wọ́n ní kí n mú un wá kí àwọn wò ó. Wọ́n là á, wọ́n ń fi ìka kó kóró rẹ̀ sórí bébà, wọ́n sì fi ìka kan náà nu ojú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ẹ ti mọ̀. Mo ń da mílíìkì sí wọn lójú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo rò pé mo ti fọ́ ìyá onílé lójú. Nígbà tí ojú wọn là, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ó dáa. A ó gbìn ín."

Ẹ̀ẹ̀rùn Iowa kò gùn tó fún ata rodo. Nínú oṣù kejì, nígbà tí yìnyín ṣì bo gbogbo ilẹ̀, wọ́n á ti gbin kóró rẹ̀ sínú ife ike ní yàrá abẹ́ ilé, lábẹ́ iná gígùn. Ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n tó ń gbé e jáde. Kí òtútù oṣù kẹwàá tó pa á, wọ́n á ti ká a tán, pẹ̀lú ibọ̀wọ́ o. Wọ́n á lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wọ́n á dà á sínú ọ̀rá, wọ́n á kọ ATA sí i gàdàgbà, oṣù àti ọdún rẹ̀, wọ́n á wá ya agbárí òkú sí ìsàlẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa fọwọ́ kàn án. Àwọn fúnra wọn ò tọ́ ọ wò rí. Èmi nìkan ni wọ́n ń gbìn ín fún.

Ní báyìí, àwọn ọmọ ń palẹ̀ ilé mọ́ kí wọ́n lè tà á. Ọ̀rá ata mẹ́ta ló kù: ti 2021, ti 2022, ti 2023. Ọkọ mi ní ká kó wọn wálé ká jẹ wọ́n. Ọwọ́ mi ò lọ. Kí ni kí n fi wọ́n ṣe? Ẹni tó bá sì ti bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ gbé ní apá ibí, kí ó jọ̀ọ́ sọ tirẹ̀. Mo fẹ́ kà á.

Ọmọ_Ọbòkun

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún màmá. Ọdún 91! Lọ́dọ̀ wa, ìnáwó nìyẹn, kì í ṣe ọ̀fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan méjì, ẹ má bínú. Èkíní, ṣé ilé wọn ni wọ́n dákẹ́ sí, àbí wọ́n ti kó wọn lọ sí ilé àwọn arúgbó bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe ìyá wọn? Èkejì, ẹ ní àgbẹ̀ ni wọ́n. Màlúù mélòó lẹ pa?

Ìyá_Ìbejì_Minnesota

Ọmọ_Ọbòkun, ìwọ àti màlúù!

Àbẹ̀kẹ́ mi, pẹ̀lẹ́. Mo mọ irú ìyá tí ò ń sọ. Duluth ni mo bí àwọn ìbejì mi sí, nínú oṣù kìíní, òtútù tó ń gé ni létí. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá mi ò rí físà gbà. Ọjọ́ kẹta tí mo dé láti ilé ìwòsàn, ìyá kan tó ń gbé òdìkejì títì kan ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé àwo gíláàsì ńlá kan dání: ẹran lílọ̀, ọbẹ̀ olú inú agolo, ẹ̀wà tútù, wọ́n wá to ọ̀dùnkún kéékèèké dídín sórí rẹ̀ ní ìlà ìlà bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Hotdish ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ tiyín lọ́hùn-ún wọ́n á ní casserole. Kò ní ata, iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ṣíbí ha ìdí àwo.

Nígbà tí mo yí àwo padà láti fọ̀ ọ́, mo rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, orúkọ ìyá náà wà lára rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín tí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá mi náà máa ń fi ọ̀dà pupa kun ìdí ìkòkò wọn kó má bàa sọnù níbi ìnáwó!

N ò dá àwo padà lófìfo, mọ́ínmọ́ín ni mo fi ránṣẹ́. Ọdún márùn-ún ni àwo kan ṣoṣo yẹn fi ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé méjèèjì. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n nígbà náà, àwọn ni wọ́n sì ń ti ẹ̀rọ kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ilé wa kí n tó jí. Mo bá wọn jà títí, wọn ò gbọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Iowa

Orúkọ nídìí àwo! Gbogbo àwo Màmá Àgbà ló ní i. Àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mẹ́fà tí orúkọ ìdí wọn kì í ṣe tiwọn. A ń wá àwọn tó ni wọ́n kiri abúlé báyìí.

Ọmọ_Ọbòkun, ó dáa, mo dáhùn. Títí wọ́n fi pé ẹni ọdún 90, àwọn nìkan ni wọ́n ń dá gbé. Oṣù kẹwàá tó kọjá ni wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí dá. Ó di pé ẹni méjì ní láti máa gbé wọn dìde lóru. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ni wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Aláìsàn lò ń tọ́jú láti àárọ̀ dalẹ́, o ò ní wálé wá máa tọ́jú mi." Oṣù márùn-ún ni wọ́n lò ní ilé ìtọ́jú, nínú ìlú wọn níbẹ̀ ni, kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan nínú wa kò débẹ̀. Ẹ má sì rò pé wọ́n jókòó kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn euchre, káàdì tí ẹni mẹ́rin ń ta ní méjì-méjì, káàdì 24 péré ni wọ́n fi ń ta á. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, wọ́n ti kó àwọn ọ̀tayò jọ, wọ́n sì ti lé bàbá kan kúrò nídìí tábìlì torí ojóró. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ, wọn kì í fi káàdì lélẹ̀, wọ́n ń fi í gbá tábìlì ni, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ta ayò nídìí igi.

Màlúù? Bàbá ọkọ mi ń sin màlúù o, kò sì pa ẹyọ kan. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé wọn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn ènìyàn lè wá wò wọ́n. Ìlà náà dé ìta. Olúkúlùkù tó bá bọ̀ wá lọ́wọ́ ní nǹkan kan láti sọ. Ọkùnrin kan tó ga bí ọ̀pẹ, tó ti hewú, sọ fún mi pé màmá ló ń bu oúnjẹ fún òun nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí òun wà ní kékeré. Wọ́n mọ̀ pé kò sí oúnjẹ nílé wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń bu tirẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan, wọn ò sì wo ojú rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìsìn ò ju wákàtí kan lọ. Ìjọ Lutheran ni. A ti itẹ́ dé, gbogbo wa wọ yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ ti to oúnjẹ: búrẹ́dì róbótó tí wọ́n fi bọ́tà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sáàárín rẹ̀, ọ̀dùnkún tí wọ́n fi wàrà yan, Jell-O, ìpápánu dídùn tó dì tó ń mì, aláwọ̀ ewé tí kárọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀ (ẹ má bi mí), kéèkì pẹlẹbẹ, kọfí. Agogo méjì ọ̀sán, wọ́n ti ń fọ abọ́. Kò sí onílù, kò sí aṣọ ẹbí. Èmi wọ aṣọ òkè mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á ní mo ṣe àṣejù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ìyá tó ń rán kúbùsù alábùlẹ̀ pẹ̀lú màmá yí mi ká, wọ́n ń fọwọ́ tọ ojú ibi tí wọ́n ti rán ìlà aṣọ mọ́ra. Ta ló hun ún? Mo ní ọkùnrin ni, ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n wo ara wọn.

Ẹ̀gbá_Líṣàbí

Ẹ kú ìdárò. Ṣùgbọ́n ata àti káàdì nìkan kọ́ ni ènìyàn o. Ẹ sọ ìtàn wọn fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo wà ní Abẹ́òkúta níbí, Amẹ́ríkà tí mo mọ̀ kò ju New York àti Houston lọ. Irú ilẹ̀ wo ni Iowa yìí?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ames

Ẹ̀gbọ́n Líṣàbí, ẹ jẹ́ kí n gba ìdajì rẹ̀ sọ, Ames ni mo ti kàwé. Iowa wà láàárín odò ńlá méjì, Mississippi ní ìlà-oòrùn rẹ̀, Missouri ní ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ dúdú ni, ilẹ̀ ọlọ́ràá. Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà nínú oṣù keje, àgbàdo lọ́tùn-ún, sóyà lósì, títí ojú yóò fi su yín. Ẹlẹ́dẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn ibẹ̀ lọ fíìfíì.

Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àgbà yẹn ṣe ní ọmọdé. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbin àgbàdo tí wọn yóò tà fún irúgbìn, wọ́n á gbin ìlà mélòó kan ní abo, wọ́n á gbin ìlà akọ tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ á wá wọ inú oko, wọ́n á máa fa òdòdó orí gbogbo abo tu, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí abo má bàa gbọn ìyẹ̀fun sí ara rẹ̀, kí ó jẹ́ pé ti akọ nìkan ni yóò gbà. Ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ìrì á rin ọ́ gbingbin, tó bá di ọ̀sán oòrùn á yan ọ́, ewé àgbàdo á sì ti ha ọ́ lápá. Mo ṣe é lọ́jọ́ kan péré nínú oko ìwádìí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó wá wò wá lásán, bọ́ sínú oko, ó fa ìlà méjì tán kí n tó dé ìdajì ọ̀kan.

Àbẹ̀kẹ́_Iowa

Àbúrò Ames, o ti rán mi létí.

Oṣù kẹjọ ọdún àkọ́kọ́ mi nílé wọn. Wọ́n se àgbàdo tiwọn, èyí tó ń dùn bíi súwíìtì, wọ́n fi bọ́tà pa á lára. Mo jẹ ẹ́, mo ní ó dùn, ṣùgbọ́n inú mi ń sọ pé àgbàdo kọ́ nìyí. Mo tọ́ka sí oko tó yí ilé ká, mo ní, "Ìyẹn ńkọ́?" Gbogbo tábìlì dákẹ́. Bàbá ọkọ mi rọra sọ fún mi pé, "Màlúù ló ń jẹ ìyẹn." Mo ní nílé wa, èmi ni mò ń jẹ ẹ́.

Màmá Àgbà dìde, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé jáde. Wọ́n ya mẹ́fà wọlé. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan wò, omi rẹ̀ ta jáde, funfun. Kò tíì gbó jù. Mo tò wọ́n sórí iná tí wọ́n fi ń sun ẹran níta, ó ń ta pàù pàù, òórùn rẹ̀ gba àgbàlá, mo fẹ́ sunkún. Kò sí àgbọn, kò sí ùbe, iyọ̀ nìkan ni. Wọ́n jẹ ìdajì ọ̀kan, wọ́n ń yí i padà wò. Wọ́n ní, "Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń gbin nǹkan yìí." Wọ́n wá jẹ ìyókù. Láti ọdún náà, wọ́n ti pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ ìkórè má fọwọ́ kan ìlà àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ti Àbẹ̀kẹ́ ni. Mo pa àlọ́ rẹ̀ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn: ó lọ sóko ní ìhòòhò, ó kó igba aṣọ bọ̀ wálé. Kí n tó parí, wọ́n ti já a.

Ẹ̀gbọ́n Líṣàbí, ìtàn wọn rèé, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ní 1933, inú ilé oko ni wọ́n bí wọn sí. Àtùpà ni wọ́n ń tàn. Láyé ìgbà náà, nínú oko mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, bóyá ni ọ̀kan fi ní iná mànàmáná. Òfin kan tí ìjọba ṣe ní 1936 ló ń yá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó kí wọ́n lè fa wáyà dé ìgbèríko. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n nígbà tí iná dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Bàbá wọn tan gbogbo iná ilé, títí dé ti ilé màlúù, ó wá kó ìyàwó àti àwọn ọmọ sínú mọ́tò lọ sórí òkè kí wọ́n lè wo ilé wọn láti òkèèrè.

Nílé ẹ̀kọ́, bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbá. Ti àwọn ọmọbìnrin Iowa yàtọ̀: ẹni mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ń jù ú sí apẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ń dínà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá ìlà àárín, ẹ̀ẹ̀mejì péré lo sì lè lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kí o tó fi sílẹ̀. 1993 ni wọ́n tó pa irú eré yẹn tì. Adínà ni màmá. Ìyẹn ni pé jálẹ̀ gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbá a, wọn ò ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìdíje, ó sì dùn wọ́n dọ́jọ́ ikú. Nígbà tí wọ́n lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, gìrìpá ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fẹ́ jù ú lójú wọn níwájú ilé. Bọ́ọ̀lù náà bá ara rẹ̀ nínú oko àgbàdo.

Ìgbà tó le jù ni àárín 1980 sí nǹkan bíi 1986. Èlé orí owó tí àwọn àgbẹ̀ yá ga, iye ilẹ̀ já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Iowa pàdánù oko wọn. Tiwọn, ìdajì ilẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n gba iṣẹ́ alásè nílé ẹ̀kọ́, ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí wọ́n ta àwọn ẹ̀rọ oko ní gbàǹjo. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́, ẹnu àbúrò wọn ni mo ti gbọ́ ọ: wọ́n jí lóru ọjọ́ náà, wọ́n yan páì fún àwọn tó wá rà á.

Páì wọn! Láti 1973, ọdọọdún àfi 2020, ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń gun kẹ̀kẹ́ la Iowa já ní ìparí oṣù keje, láti etí odò Missouri dé etí Mississippi. RAGBRAI ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n gba abúlé wa kọjá, àwọn ìyá ìjọ gbé tábìlì síta, Màmá Àgbà nìkan yan ogójì páì. Wọ́n tún dúró sójú títì, wọ́n ń fi ṣíbí lu ìdí ìkòkò.

Ayọ̀ká_Peckham

Mo ka èyí nínú bọ́ọ̀sì, mo rékọjá ibi tí mo ti fẹ́ sọ̀. Òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi níbí, ọdún mẹ́jọ, "hello" mẹ́ta.

Àǹtí, ẹ se ata yẹn. Oúnjẹ ni. Màmá kò lọ̀ ọ́ kí ẹ lè fi ṣe ère.

Ọmọ_Ọbòkun

Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà lórí ilé arúgbó. Ti màlúù, n ò gbà á padà.

Lórí ata, n ò fara mọ́ ti Ayọ̀ká. Nígbà tí ìyá mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin se gbogbo èlùbọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tó wá kí wa. Ó dára bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kejì rẹ̀, mo ṣí àpótí tí èlùbọ́ yẹn máa ń wà, n ò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni n ò mọ ohun tí mò ń wá. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀.

Olóúnjẹ_Ìbàdàn

Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Àǹtí. Èmi ò mọ tòyìnbó, ata ni mo mọ̀. Bó bá ti wà nínú yìnyín tí iná ò lọ, kò ní bàjẹ́, òórùn rẹ̀ ló lè dín kù. Ṣé iná ò lọ ṣá? Bí ó bá ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dá a padà sínú fírísà. Ẹ fi epo gbẹ omi rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fi tòmátì sí i.

Àbẹ̀kẹ́_Iowa

Ìbéèrè iná yìí, ẹ ò mọ ohun tí ẹ tú síta.

Ìdí tí kò fi sí ọ̀rá kankan tó ṣáájú 2021 ni ìjì ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 2020. Derecho ni wọ́n ń pè é, ìjì tó ń rìn tààrà láti ìlú dé ìlú, kì í yí po bíi tornado. Ní Cedar Rapids, wọ́n fojú bu agbára atẹ́gùn náà dé 140 máìlì ní wákàtí kan. Igi wó lu ilé, àgbàdo dùbúlẹ̀ bí ẹní. Kò sí iná fún ọjọ́ pípẹ́, fóònù ò lọ. Ẹni ọdún 87 ni màmá. Wọ́n kó gbogbo ẹran inú fírísà wọn síta, wọ́n ń sè é lórí gáàsì fún gbogbo àdúgbò, wọ́n tún pín ìyókù sínú abọ́ fún àwọn tó ń gé igi lójú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kejì ìjì, mo gbọ́ fèrè mọ́tò níta. Àwọn ni. Wọ́n ti wá ọ̀nà gba àárín àwọn igi tó wó, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́ta. Mo rò pé ẹnì kan ti kú. Wọ́n gbé ike ńlá kan sí mi lọ́wọ́, omi ń kán nínú rẹ̀. Ata ni. "Ó ti ń yọ́," ni wọ́n wí, "wá nǹkan ṣe sí i kíá." Wọn ò wọlé. Wọ́n ní ẹran wà lórí iná.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn ni ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n tètè lọ. Ní gbogbo ìgbà yòókù, wọ́n á fọwọ́ lu orúnkún pé, "Ó dáa o, a ti ń lọ," a ó dìde, ìdajì wákàtí nídìí ilẹ̀kùn, ìdajì wákàtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọ́n á ti ti tòmátì méjìlá bọ ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n á dúró lójú ọ̀nà máa juwọ́ títí a ó fi yà. Ìyá mi rí i nígbà tí wọ́n wá láti Ọ̀yọ́, wọ́n ní, "Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sin àlejò sọ́nà nìyí."

Ìyá_Ìbejì_Minnesota

Ìdajì wákàtí péré? Tiyín yá.

Ẹ̀gbá_Líṣàbí

Páì fún àwọn tó wá ra ẹ̀rọ oko wọn. Mo ti ka ibẹ̀ nígbà mẹ́ta.

Àbẹ̀kẹ́_Iowa (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá ròyìn.

Sátidé tó kọjá ni gbogbo ẹbí pé láti kó ẹrù tó kù. Mo mú ọ̀rá 2021 jáde. Mo gbẹ omi rẹ̀ bí Olóúnjẹ ṣe wí, mo fi tòmátì inú ìgò sí i, tòmátì tí àwọn náà ló rọ ọ́ sínú ìgò, mo fi ẹran màlúù bàbá ọkọ mi sè é, pẹ̀lú ìrẹsì. (Ọmọ_Ọbòkun, màlúù rẹ nìyẹn.) Mo ti kìlọ̀ fún wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Àbúrò bàbá ọkọ mi, bàbá tí n kì í gbọ́ tó ń sọ ju gbólóhùn méjì lọ, bù ú gàgàrà. Etí rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó dìde lọ síwájú fíríìjì, ó gbé mílíìkì, ó mu ún látẹnu agolo. Lẹ́yìn náà ó padà wá jókòó, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ó ní, "Nǹkan tí ìyá mi ń fi ibọ̀wọ́ mú nìyí?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn kan nù ojú, wọ́n ní ata ni.

Ti 2022 wà nílé mi báyìí, a ó jẹ ẹ́. Ti 2023, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ni ìkẹyìn tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó ṣubú. Ọwọ́ ti ń gbọ̀n, ATA náà wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn ò ya agbárí sí i. Ọkọ mi ní bóyá wọ́n gbàgbé.

Olóúnjẹ_Ìbàdàn

Ti 2021 yẹn, ṣé ó ṣì ta?

Àbẹ̀kẹ́_Iowa

Ó ta.